Àyẹ̀wò Tí Bàbá Àtúnrán Ń Sá Fún

Ìwé ni ọkùnrin yìí ń wò sàn. Bí ẹ̀yìn ìwé bá já, tí ojú ewé rẹ̀ ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí eyín arúgbó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Yóò tú u palẹ̀, yóò fi abẹ́rẹ́ àti òwú tún un rán, yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn tuntun mọ́ ọn, yóò wá fi irin wúwo kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́ náà. Àwọn oníbàárà ò tilẹ̀ rántí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Bàbá Àtúnrán ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Ní ọdún márùn-ún ṣáájú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, àìsàn kan dé bá a tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Inú rẹ̀ a wú, a máa ké bí ọ̀pọ̀lọ́ etí odò, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì di yàrá kejì fún un. Ó rù kan eegun. Ṣòkòtò ń bọ́ nídìí rẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n lo oògùn aràn, wọ́n lo oògùn ọgbẹ́ inú, pàbó ló já sí. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ̀ tí ò gbà. Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pe obìnrin náà, torí ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì. Tíṣà kì í gba ìdáhùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìrí bí onítọ̀hún ṣe ṣe é. Bí o bá ní ìdáhùn jẹ́ méje, á ní, "Báwo lo ṣe rí i? Ṣe é kí n wò." Ohun tó ń sọ fún àwọn dókítà náà nìyẹn, títí wọ́n fi fa ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀, tí wọ́n sì ti okùn tín-ín-rín olójú kan gba ọ̀fun rẹ̀ wọlé lọ wo ìfun.

Dókítà obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù ló là á yé wọn.

"Àrùn sílíákì ni wọ́n ń pè é," ó ní. "Ohun kan wà nínú àlìkámà àti ọkà báálì tó ń jẹ́ gúlútìn. Òun ló ń jẹ́ kí fùláwà tí wọ́n pò máa fà bíi rọ́bà. Àwọn ọmọ ogun inú ara yín ti sọ ọ́ di ọ̀tá, sà. Bó bá ti wọlé báyìí, ogun dé. Ìfun yín ni pápá tí wọ́n ń jà á lé lórí."

"Oògùn wo la máa wá lò sí i?"

"Kò sí oògùn. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀tá, ogun á parí fúnra rẹ̀. Búrẹ́dì, bisikíìtì, kéèkì, sùpágẹ́ẹ̀tì, ó dìgbóṣe. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ká yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, lẹ́yìn ìyẹn, lọ́dọọdún. Ẹ má wò ó pé ara ti yá o."

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, ó lọ. Àmì ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dín kù, àmọ́ kò tíì tán. Dókítà ní ó ń bọ̀ wá dáa, kó máa ṣọ́ra, kó sì padà wá. Ṣùgbọ́n ẹran ti ń padà sára Bàbá Àtúnrán nígbà yẹn. Inú ò ké mọ́. Ó ń jẹ ìrẹsì, ó ń jẹ ẹyin àti ẹja, oorun ń kùn ún dáadáa. Àwàdà ló ń fi í ṣe fún àwọn oníbàárà: "Èmi àti búrẹ́dì ti kọ ara wa sílẹ̀. A dúpẹ́ pé a ò bímọ."

Nígbà tí ilé ìwòsàn fi ìwé ránṣẹ́ pé ọdún ti yí po, ó yí ìwé náà lọ́wọ́, ó rí i pé ó nípọn dáadáa, ó bá gé e, ó fi tẹ́ ẹ̀yìn ìwé atúmọ̀ èdè kan tó ń tún ṣe. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáká, kí ló ń wá lọ sílé ìwòsàn? Tíṣà bi í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé, "Ẹ ti lọ ṣe àyẹ̀wò yẹn?" Ó ní, "Mo ti lọ. Wọ́n ní kò séwu."

Irọ́ kékeré ni, kò ju ẹyọ iyọ̀ kan lọ. Àmọ́ nígbà tí ọdún tún yí po, ó tún pa á. Ó pa á ní ọdún kẹta, ó pa á ní ọdún kẹrin. Tíṣà tí kì í gba ìdáhùn lásán gba eléyìí, torí pé ọkọ rẹ̀ ni, ó sì ń rí i tó ń sanra. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ka ara páálí gbogbo ohun tó ń wọ ilé ìdáná wọn. Èérún fùláwà kan ò gba ẹnu ọ̀nà náà kọjá. Kí ló tún kù?

Ohun tó kù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Bàbá Àtúnrán gun àpótí ìjókòó kékeré kan láti fa ìwé àwòrán ilẹ̀ kan sílẹ̀ lórí pẹpẹ. Àpótí náà ò ga tó orúnkún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún tilẹ̀, ó sì gbọ́ "kẹ́!" bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti dá.

Dókítà eegun tó dì í fún un yẹ àwòrán eegun náà wò lójú iná, ó mi orí. "Bàbá, irú ìṣubú yìí ò tó èyí tó ń dá ọwọ́ èèyàn. Eegun yín ti fẹ́lẹ́ ju ọjọ́ orí yín lọ. Ṣé àìsàn kan wà lára yín tẹ́lẹ̀?"

Tíṣà ló dáhùn. "Sílíákì ni, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ló ń ṣe àyẹ̀wò, kò sì séwu."

Dókítà eegun tẹ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wò ó, ó tún un wò. "Àyẹ̀wò ìpadàwá kan ṣoṣo ni mo rí níbí, Màmá. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin."

Bàbá Àtúnrán ń wo báńdéèjì líle ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ìwé kíkà ló wà lára rẹ̀. Tíṣà gbé báàgì rẹ̀ sórí itan, ó ṣí i, ó tún pa á dé.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, dókítà ohùn tútù pè wọ́n wọlé. "Ogun ń lọ lọ́wọ́ nínú ìfun yín, sà," ló wí. "Ó ti pẹ́ tó ti ń lọ. Ìfun tó gbọgbẹ́ kì í lè gba ohun tí eegun nílò látinú oúnjẹ, ohun tó sọ eegun yín di ẹlẹgẹ́ nìyẹn."

"Ṣùgbọ́n inú ò run mí! Mi ò yàgbẹ́ gbuuru, mi ò bì!"

"Ara yín dákẹ́, òótọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ yín ò dákẹ́. Ìdí tá a fi ní kẹ́ ẹ máa wá nìyẹn. Gúlútìn ń wọ inú yín láti ibì kan. Ibo ni?"

Ó ní òun ò mọ̀, àní òun ò mọ̀ rárá.

Nígbà tí wọ́n délé, Tíṣà jókòó síwájú rẹ̀ nídìí tábìlì. "Ẹ sọ òótọ́ fún mi," ó ní. "Mi ò ní pariwo. Ibo lẹ ti ń jẹ búrẹ́dì?"

"Mi ò jẹ búrẹ́dì."

"Bisikíìtì ńkọ́? Àwọn oníbàárà ò máa ń fún yín ní kéèkì ni?"

"Wọ́n ń fún mi, mi ò sì ń gbà á. Tíṣà, láti ọdún márùn-ún, mi ò fi nǹkan bẹ́ẹ̀ kan ẹnu."

"Ẹ sọ fún mi nígbà mẹ́rin pé ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò."

Ẹni tó bá ti pa irọ́ mẹ́rin, òótọ́ rẹ̀ karùn-ún á máa tiro ni. Ó dìde, ó jáde lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ó gbé ọwọ́ tó dá lé itan. Ó wo okùn tí wọ́n sá aṣọ sí, aṣọ rẹ̀ àti aṣọ ìyàwó rẹ̀ tí atẹ́gùn ń fẹ́ lura wọn. Omi lé sí i lójú. Pé ó jẹ̀bi irọ́, ó mọ̀. Ohun tó ń dùn ún ni pé ibi tí kò ti jẹ̀bi gan-an ni wọn ò ti ní gbà á gbọ́.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò bá ara wọn sọ ju "oúnjẹ rèé" àti "ẹ ṣé" lọ. Tíṣà ń bá a so bọ́tìnnì, torí kò lè fi ọwọ́ kan so ó. Ṣùgbọ́n bó ti ń so ó ni ojú rẹ̀ ń wá èérún nínú àpò ẹ̀wù, òun náà sì ń rí i pé ó ń wá a.

Ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ onímọ̀ oúnjẹ nílé ìwòsàn náà ni dókítà ní kí wọ́n lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ́tí sílẹ̀ títí Tíṣà fi ro ẹjọ́ tán, títí ọkọ rẹ̀ náà fi rò tán. Kò dá ẹnì kankan lẹ́bi.

"Ó ṣeé ṣe kí Bàbá jẹ̀bi àìwá," ó ní, "kí wọ́n má sì jẹ̀bi búrẹ́dì. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni." Ó mú ìwé pélébé kan jáde. "Ẹ bá mi kọ gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu wọn fún ọjọ́ méje, Màmá. Mi ò sọ pé oúnjẹ nìkan o. Mo ní gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu. Ọṣẹ ìfọyín, oògùn, igi tí wọ́n fi ń tayín, gbogbo ẹ̀."

Tíṣà gba ìwé náà, ó fa ìlà sí i pẹ̀lú rúlà. Ọjọ́ kìíní, ìrẹsì, ẹ̀wà, tíì, oògùn ìrora. Ọjọ́ kejì, ẹyin, pòtétò, ẹja. Ọjọ́ kẹta bákan náà. Gbogbo ẹ̀ ló mọ́ bí omi òjò.

Lọ́jọ́ kẹrin, Bàbá Àtúnrán ní òun gbọ́dọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù. Ìwé orúkọ ilé ìkàwé kan wà níbẹ̀ tó ti pẹ́ jù, ó ti ku ọjọ́ méjì tí wọ́n fẹ́ wá gbé e.

"Ọwọ́ wo lẹ fẹ́ fi ṣe é?" Tíṣà bi í.

"Màá wá ọgbọ́n dá sí i."

Tíṣà gbé gèlè sórí, ó mú ìwé pélébé àti kálámù rẹ̀. "Èmi ni màá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún yín lónìí."

Ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ tí Tíṣà ti jókòó pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Yàrá kan ṣoṣo ni, fèrèsé rẹ̀ fẹ̀, òórùn awọ àti bébà àtijọ́ gba inú rẹ̀ kan. Ọkọ rẹ̀ ń júwe, òun ń ṣe é. Ó di òwú mú, ó fi abẹ́rẹ́ gba inú ihò kọjá. Nígbà tó ṣe é dáadáa, ọkọ rẹ̀ ní, "O káre, ọmọ iṣẹ́ mi," Tíṣà sì rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti tilé ìwòsàn dé.

"Ó ku gọ́ọ̀mù," ọkọ rẹ̀ ní. "A ò lè lo èyí tí wọ́n ń tà nínú ike, ó ń ba bébà àtijọ́ jẹ́. Èmi ni mo máa ń se tèmi. Mú agolo tó wà lábẹ́ tábìlì yẹn. Bu ṣíbí mẹ́ta sínú omi, gbé e ka iná, kó o máa rò ó kó má ṣe kókó."

Tíṣà ṣí agolo. Ìyẹ̀fun funfun kúnnú rẹ̀. Ó bù ú, ó rò ó, ọkàn rẹ̀ wà lórí kókó tí ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tó tutù díẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti àtàńpàkò òsì bọ̀ ọ́, ó fi kan ahọ́n, ó pọ́n ọn lá bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

"Ó jinná. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé ahọ́n ló mọ gọ́ọ̀mù. Bó bá kan díẹ̀ báyìí, á ba ìwé jẹ́. Àràárọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò."

Ó fa ìwé orúkọ náà mọ́ra, ó tọ́ àtàńpàkò lẹ́nu, ó ṣí ojú ewé kan. Ó tún tọ́ ọ, ó tún ṣí òmíràn. Gọ́ọ̀mù ṣì wà lára ìka náà, ó ń dán.

Kálámù já bọ́ lọ́wọ́ Tíṣà.

"Bàbá," ó pè é, ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀. "Kí ni wọ́n fi ṣe ìyẹ̀fun inú agolo yẹn?"

"Fùláwà ni. Fùláwà lásán..."

Àtàńpàkò rẹ̀ ṣì wà ní ìtòsí ètè. Ó rọra gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó wò ó bí ẹni tó ń wo ejò kékeré.

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ," ó ní, bí ọmọdé. "Tíṣà, gọ́ọ̀mù ni! Mi ò kà á sí oúnjẹ láyé mi."

"Èmi náà ò kà á sí i. Mò ń ka ara páálí nílé ìdáná, mi ò wo abẹ́ tábìlì yín." Omi ti ń dà lójú rẹ̀. "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ọdún márùn-ún! Mo sì ń tú àpò yín bí àpò olè. Ẹ foríjì mí."

"Èmi ni kó o foríjì. Ká ní mo lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́dún kìíní, wọn ì bá ti bi mí léèrè nígbà yẹn, eegun mi ì bá má dà báyìí. Irọ́ mi ló bò ọ́ lójú."

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ nínú ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, gọ́ọ̀mù ń dì nínú ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni Tíṣà nu ojú, ó mú kálámù rẹ̀ nílẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pélébé náà ní lẹ́tà gàdàgbà: GỌ́Ọ̀MÙ FÙLÁWÀ, LÓJOOJÚMỌ́, ỌDÚN MÁRÙN-ÚN.

Nígbà tí onímọ̀ oúnjẹ kà á, ó pariwo "Háà!" débi pé àwọn tó jókòó níta yíjú. Dókítà ní ó jọ pé ibẹ̀ gan-an ni. Ó ní ìwọ̀n tó kéré bí èérún búrẹ́dì, bó bá ń wọlé lójoojúmọ́, ó tó láti má jẹ́ kí ìfun jiná. "Àmọ́ a ò ní fẹnu lásán sọ pé ó ti tán," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ fún wa. Oṣù mẹ́fà." Ó kọ oògùn eegun fún un pẹ̀lú.

Sítáàṣì àgbàdo ni Bàbá Àtúnrán fi ń se gọ́ọ̀mù báyìí. Kò kọ́kọ́ gbọ́ràn sí i lọ́wọ́ rárá, ó ba ìdí ìwé méjì jẹ́ kó tó mọ ìwọ̀n omi tó fẹ́. Ó ra kànrìnkàn kékeré kan tó máa ń rin sómi láti máa fi ìka kàn kó tó ṣí ojú ewé. Àtàńpàkò ò tètè gbàgbé ọ̀nà ẹnu. Tíṣà ní kó fi ata gígún pa á, ó gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó fi nu ojú láìmọ̀, ó sì fi ìdajì ọjọ́ sunkún. Wọ́n pa ti ata tì.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, òun ló kọ́kọ́ dé yàrá àyẹ̀wò. Àmì ogun ti já wálẹ̀ gan-an. Nígbà tí ọdún pé, kò sí níbẹ̀ mọ́. Tíṣà gba ìwé àbájáde náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì láti òkè délẹ̀ pẹ̀lú ìka lórí ìlà, kó tó gbà pé ìdáhùn náà pé. Eegun ò tíì padà sí bó ṣe yẹ kó wà. Dókítà ní ó lè má padà tán, ṣùgbọ́n kò tún fẹ́lẹ́ sí i, ìyẹn náà sì tó dúpẹ́ fún.

Ọjọ́ yẹn ni dókítà bi wọ́n léèrè àwọn ọmọ. Ó ní àrùn náà máa ń rìn nínú ẹbí, kí àwọn ọmọ náà wá ṣe àyẹ̀wò, ara ì báà dá wọn. Ọmọkùnrin wọn lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tirẹ̀ sì mọ́. Àkọ́bí wọn obìnrin ló kọ̀. Kápẹ́ńtà ni, ilẹ̀kùn àti fèrèsé ló ń kàn, ó sì ní agídí bí ìṣó.

"Kò sí ohun tó ń ṣe mí, Bàbá mi," ó wí lórí fóònù. "Ẹ̀jẹ̀ mi kàn máa ń dín díẹ̀ ni, ó máa ń rẹ̀ mí. Ta ni iṣẹ́ kì í rẹ̀?"

Bàbá Àtúnrán ò bá a jiyàn lórí fóònù. Ó wọkọ̀ lọ bá a níbi tó ti ń fi randa dán pákó. Ó jókòó sórí ìtì igi kan, ó ká apá ẹ̀wù ọ̀tún sókè, ó na ọrùn ọwọ́ sí i. Ó ti wọ́ díẹ̀ níbi tó ti dá.

"Fọwọ́ kàn án," ó ní.

Ọmọ náà fọwọ́ kàn án.

"Ọdún mẹ́rin ni mo fi sọ pé kò sí ohun tó ń ṣe mí. Mo pa irọ́ fún ìyá rẹ lórí ẹ̀. Mi ò wá pa ọ́ láyà, ọmọ mi. Bó bá mọ́, a jọ dúpẹ́. Bí ò bá mọ́, wàá mọ̀ ọ́n kó tó dé eegun. Màá bá ọ lọ."

Obìnrin náà wo ọrùn ọwọ́ bàbá rẹ̀ pẹ́. Ó gbé randa sílẹ̀.

Tirẹ̀ ò mọ́. Nígbà tí dókítà sọ ọ́ fún un, kò sunkún níbẹ̀, ó dìgbà tí wọ́n dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó fi orí sí èjìká bàbá rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ó ní, "Ṣé ó máa ń wù yín jẹ? Búrẹ́dì?"

"Lọ́dún àkọ́kọ́, bí mo bá kọjá níwájú ibi tí wọ́n ti ń yan án, mo máa ń di imú," bàbá rẹ̀ dáhùn. "Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ó máa wù ọ́. Lẹ́yìn náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù."

Nọ́ọ̀sì tó ń kọ ọjọ́ ìpadàwá sílẹ̀ nawọ́ káàdì sí ọmọ náà. "Oṣù mẹ́fà òní, Ọjọ́rú. Bàbá, tiyín ṣì jìnnà, ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Ẹ kọ tèmi náà sí Ọjọ́rú yẹn," Bàbá Àtúnrán ní.

"Kò tíì tó àsìkò yín, sà."

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ jókòó tì í ni."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní ìjókòó ò nílò káàdì. Ọmọ náà nu imú, ó ti káàdì bọ àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ tí èérún pákó kún inú ẹ̀, àwọn méjèèjì sì jáde síta lọ wá ìrẹsì jẹ.